Bórí Ò Bá Pé Bíi Ti Alájọ Ṣómólú, Ẹ Jẹ́ Kí Bírò Ràn Yín Lọ́wọ́

Ó ṣòro kéèyàn tó dàgbà sí Èkó, Ìbàdàn tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó má tíì gbọ́ orúkọ Alájọ Ṣómólú rí. Bí ọmọdé bá ṣe ohun tó fi làákàyè hàn, àwọn àgbà a ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn gidi ni bàbá náà, kì í ṣe ẹni inú àlọ́. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ó sì dágbére fáyé lọ́dún 2012.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọkàn sí. Torí pé irú orí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ṣe ń fi bàbá náà ṣàpẹẹrẹ. Ká ní gbogbo wa la ní i ni, kò ní í di ohun tí wọ́n ń fi yin ọmọ. Síbẹ̀, ẹ wo ọjà tó wà ládùúgbò yín, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àti ti mẹkáníìkì, ẹ wo àwọn tó ń gba owó oṣù pàápàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé orí Alájọ Ṣómólú ló wà lọ́rùn wọn. Wọn kì í kọ iye tó wọlé, wọn kì í kọ iye tó jáde, wọn kì í kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà, wọn ò sì mọ bí ẹ̀jẹ̀ ara wọn ṣe ń sáré sí.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí kò le rárá. Ìwé kan ṣoṣo, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń kọ nǹkan sí, àti bírò kan, lè gba òwò, iṣẹ́ àti ara èèyàn lọ́wọ́ àdánù tí kò fojú hàn. Ẹ máa fi ọkàn bá wa lọ, torí a máa ṣírò díẹ̀.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ JÁDE

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wo ti iye owó, torí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Bí ìṣirò náà ṣe ń lọ ni kẹ́ ẹ wò.

Ká ní ojú owó ìyá yìí jẹ́ àpò ìrẹsì mẹ́rin, àpò kan sì jẹ́ N60,000. Àpapọ̀ owó òwò rẹ̀ jẹ́ N240,000 nìyẹn. Ká ní ó ń rí kóńgò 32 wọ̀n nínú àpò kan, ó sì ń ta kóńgò kan ní N2,200. Bó bá ta àpò kan tán, N70,400 ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá yọ N60,000 tó fi rà á, ó ku N10,400.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Wọ́n á ní èrè àwọn lórí àpò kan jẹ́ N10,400. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó alábàárù wà níbẹ̀, ká pè é ní N2,500. Owó ọ̀rá tí wọ́n ń dì í sí wà níbẹ̀, ká pè é ní N800. Owó ìsọ̀ tó yẹ kí àpò kọ̀ọ̀kan dá wà níbẹ̀, ká pè é ní N1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N4,800. Èrè tòótọ́ tó wà lórí àpò kan jẹ́ N5,600. Bó bá ń ta àpò méjì lọ́sẹ̀, N11,200 ni èrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan.

Ó yá, ẹ wo àṣìṣe kejì. Ìyá yìí a máa wọn kóńgò ìrẹsì mẹ́ta lọ sílé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí pé ìrẹsì òun náà ni. Kóńgò mẹ́ta jẹ́ N6,600. A sì tún máa fa N1,200 yọ lápò epírọ́ọ̀nù lójúmọ́, fún oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́fà tó fi ń tajà jẹ́ N7,200. Àpapọ̀ ohun tó ń bá a jáde jẹ́ N13,800.

Èrè jẹ́ N11,200, ohun tó ń jáde jẹ́ N13,800. N2,600 ló ń jẹ wọnú ojú owó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. N2,600 kò tó ohun tí èèyàn ń ké gbàjarè lé lórí, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún kan. Ẹ sọ N2,600 di ìlọ́po 52, N135,200 ni. Àpò ìrẹsì méjì ti lọ, owó díẹ̀ ṣì tún lé e. Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú àpò mẹ́rin kò ní í lè ra àpò méjì pé mọ́ nígbà tí ọdún bá fi máa parí.

Bẹ́ ẹ bá bi í léèrè, á ní ọjà ò yá, tàbí pé ayé ló ń ṣe òun. Ọjà sì yá o. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ta àpò méjì rẹ̀ tán. Kò kàn sí ibi tó kọ ọ́ sí tó máa fi rí i ni.

Ẹ SAN OWÓ IṢẸ́ FÚN ARA YÍN

Oògùn rẹ̀ kì í ṣe pé kí ìyá yìí má jẹun. Oògùn rẹ̀ ni pé kó ka ara rẹ̀ sí òṣìṣẹ́ tó ń bá òwò náà ṣiṣẹ́, kó máa sanwó iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Kó mú iye kan lọ́sẹ̀, kó gbà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó má sì tún fọwọ́ kan owó òwò títí Àbámẹ́ta mìíràn. Bó bá fẹ́ kóńgò ìrẹsì kan, kó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà á bíi ti oníbàárà yòókù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bí N13,800 ni ilé ń jẹ, ibo ni òun ti máa rí owó tó kù? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìwé sì ni yóò dáhùn rẹ̀. Ìwé kì í bí owó, àmọ́ ó ń sọ òótọ́. Ohun tó ń sọ fún ìyá yìí ni pé àpò méjì lọ́sẹ̀ kò lè bọ́ ilé rẹ̀. Àpò mẹ́ta lè bọ́ ọ, torí èrè àpò mẹ́ta jẹ́ N16,800. Bí ilé bá mú N13,800 níbẹ̀, N3,000 máa ṣẹ́ kù sínú òwò. Ohun tó wá kù ni bó ṣe máa ta àpò kẹta: bóyá kó lọ bá àwọn olóúnjẹ tó wà nítòsí, kó máa gbé ìrẹsì fún wọn láàárọ̀, tàbí kó fi ọjà mìíràn tó tètè ń tà kún un. Bí kò bá sì rí ọgbọ́n dá sí i, á mọ̀ pé ilé ló gbọ́dọ̀ dín ìnáwó kù. Ẹni tó mọ iye tó ń wá yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń gbàdúrà pé kí ọjà tà.

ÀWÌN GBỌ́DỌ̀ NÍ ÒDIWỌ̀N

Àwìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe máa tajà láàárín àwọn ará àdúgbò tí kò ní í ta àwìn rárá. Ohun tó ń pa òwò ni àwìn tí kò sí nínú ìwé. Ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ wà fún un: orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tó ní òun máa san. Bó bá san díẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ lójú rẹ̀, kí òun náà rí i. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ìjà dé.

Ẹ tún fi òdiwọ̀n sí i. Ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ N11,200 lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àpapọ̀ àwìn tó wà níta ju iye yẹn lọ. Bó bá ti dé bẹ̀, ẹ rọra sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwìn ti kún lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká gba ti àná ná." Èyí tó bá ní ọ̀wọ̀ á gbọ́.

TÉLỌ̀ ÀTI ÒṢÌṢẸ́ OṢÙ

Kì í ṣe owó nìkan ni èèyàn ń pàdánù bí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀. Orúkọ rere náà wà níbẹ̀. Ẹ wo télọ̀ tó lè rán aṣọ méjì parí lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, aṣọ 12 lagbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó gba aṣọ 20, torí pé kò fẹ́ kí owó bọ́. Kódà bí iná bá wà látàárọ̀ dalẹ́, èèyàn mẹ́jọ ló máa wá bá a jà láàárọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé télọ̀ náà jẹ́ òpùrọ́. Kò ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kó tó dá ọjọ́ fún èèyàn ni.

Ojú ìwé kejì la máa lò fún èyí. Bí aṣọ bá ti wọlé, ẹ kọ orúkọ, ìwọ̀n, owó àsansílẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ ka iye aṣọ tó ti wà fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá ti pé 12, ẹ sún ẹni tó kàn sí ọ̀sẹ̀ mìíràn, tàbí kẹ́ ẹ darí rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ yín tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Bákan náà ni fún wẹ́dà, fún káfíńtà, fún ẹni tó ń ṣe irun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ oṣù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ náà: ohun tẹ́ ẹ bá ilé iṣẹ́ tún ṣe, owó tẹ́ ẹ bá wọn gbà wọlé, ẹni tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, tàbí tẹ́ ẹ bá ń wáṣẹ́ síbòmíràn, ẹni tó lè sọ pàtó ohun tó ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ kára lòun. Ẹ sì tún ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ẹ̀kọ́ kan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín, ì báà ṣe kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó tàbí èdè mìíràn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ máa ju 180 wákàtí lọ láàárín ọdún kan.

ARA NI OJÚ OWÓ ÀKỌ́KỌ́

Ìwé òwò tí kò bá ní ojú ìwé fún ara kò pé. Nínú òwò kékeré, èèyàn kan náà ló ń rajà, òun ló ń tà á, òun ló ń gbà gbèsè. Bó bá dùbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tì pa. Owó ilé ìwòsàn sì máa ń jáde nínú ojú owó kan náà tí a ń ṣọ́ látàárọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fi àmì kankan hàn. Èèyàn lè máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀, títí tó fi máa yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí tó máa ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ má gbà pé ẹni tí orí ò fọ́ kò ní i. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ náà máa ń gbé jáde. Bí ó bá wà ní 120 lórí 80 tàbí kó dín díẹ̀, ó dára. Bí nọ́ńbà òkè bá dé 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí náà, ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi bẹ̀rù, kò sì tó láti fi fọkàn balẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ tún padà lọ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá sì wà ní ọ̀gangan àyà. Bó bá ga, dókítà ló kàn. Bí dókítà bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín torí pé ara ti yá.

Àwọn ohun tó ń dín in kù kò jìnnà sílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan tí wọ́n fi ń po tíì. Iyọ̀ tó wà nínú màgí, nínú núdù àti nínú súyà wà lára rẹ̀ o. Wọ́n tún ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó tó 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ìyá tó ń jókòó ti ọjà látàárọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣáájú ibùdókọ̀ rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ yá rìn dé ìsọ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan lára oògùn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ga sí i.

Ìnáwó kan tún wà tó yẹ kó bọ́ sójú ìwé òwò: owó ìdójútòfò ìlera. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ètò tiwọn. Ti Èkó ni wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, OYSHIA ló sì ń bójú tó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń san àti àwọn àìsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí oṣù méjìlá, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sáàárín ìnáwó òwò bí ẹ ṣe ń kọ owó ìsọ̀.

BÓ ṢE MÁA MỌ́ YÍN LÁRA

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra ìwé rí, tí wọ́n kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n sì fi dí ẹ̀pà ní ọjọ́ karùn-ún. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ohun tuntun kì í tètè mọ́ èèyàn lára. Àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì University College London, tí Phillippa Lally ṣáájú wọn, tẹ̀ lé èèyàn 96 láti mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Ọjọ́ 66 ló máa ń gbà ní ìpíndọ́gba. Àwọn kan kò lò ju ọjọ́ 18 lọ, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè gba ẹlòmíràn ní ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ jẹ́. Torí náà, bẹ́ ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ padà sí i lọ́la.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé kí oníkálukú so ohun tuntun náà mọ́ ohun kan tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò ti ní irú ohun bẹ́ẹ̀. Alájọ ni. Kì í ṣe pé ẹ ń rántí àjọ, alájọ ló ń dé lásìkò rẹ̀, tó ń fa ilà sórí káàdì. Káàdì yẹn gan-an jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀, èyí tó fi hàn pé kíkọ nǹkan sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí alájọ bá ti fa ilà tirẹ̀ tán, ẹ má jókòó kẹ́ ẹ tó mú ìwé tiyín, kẹ́ ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ àjọ, ẹ mọ òdiwọ̀n rẹ̀ náà. Ẹni tó ń dá N500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ máa dá N15,000. Alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan, yóò sì gba N14,500. Owó iṣẹ́ alájọ ni, kò burú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí owó náà pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí oṣù bá ti parí, ẹ gbé e lọ sí báńkì. Lọ́dún 2024, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú kó sí báńkì, gbé iye tí wọ́n máa san bí báńkì bá kógbá sílé lọ sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún oníbàárà kan ní báńkì ńlá, àti mílíọ̀nù méjì náírà ní báńkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Bí alájọ bá sá lọ, kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

IBI TẸ́ Ẹ MÁA BẸ̀RẸ̀

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, títí kan ìrẹsì tẹ́ ẹ wọ̀n lọ sílé. Ẹ má yí nǹkan kan padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ dá iye owó iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ìwé àwìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ṣí ojú ìwé iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ tó wà níléèwé lè bá a kọ ọ́ lálẹ́, ọmọ náà á sì fi ibẹ̀ kọ́ bí owó ṣe ń rìn.

Ìwé náà àti bírò kò tó owó kóńgò ìrẹsì kan. Ẹ rà á kí alájọ tó dé lọ́la.